Gift ẹ̀bùn, Gift májèlé: bí Wiktionary ṣe gbà mí lọ́wọ́ ìgò kan

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rù-sí ló fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìgò ńlá kan ni, ìdérí rẹ̀ le koko. Wọ́n ya agbárí òkú sí i lára, egungun méjì dábùú ara wọn lábẹ́ rẹ̀, wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sísàlẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà: GIFT. Ohun tó kọ tẹ̀ lé e ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, irú ẹ̀bùn wo nìyí? Ta la ṣẹ̀?"

Ó ní òun ti kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ náà fún áàpù ìtumọ̀ kan tó wà lórí fóònù òun, áàpù yẹn sì fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀bùn ni. Ó rí lẹ́tà mẹ́rin tó jọ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni, ó parí. Kò bi agbárí òkú léèrè ohun tó wá ṣe níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ áàpù náà, torí kì í ṣe òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Wiktionary ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbà lọ kí n tó dá àbúrò mi lóhùn.

Kíkà niṣẹ́ mi. Àwọn òǹkọ̀wé á kọ tiwọn tán, èmi á wá jókòó tì í, màá máa yọ àṣìṣe bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ yìí ti bà mí jẹ́ débi pé ọ̀rọ̀ kì í kọjá níwájú mi kí n má bi í pé ọmọ ta ni. Nítorí náà, Wiktionary kì í kúrò lójú fóònù mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó, ṣùgbọ́n ìgò yẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń lò gan-an.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ọmọ ìyá Wikipedia ni. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2002 ni wọ́n ṣí i, àjọ Wikimedia Foundation ló ń gbé e ró, àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ló sì ń kọ ohun tó wà níbẹ̀. Kò gba owó, kò gba ìforúkọsílẹ̀, kò sí ìpolówó ọjà tí yóò máa fò sókè lójú ẹni. Oríṣiríṣi èdè ló ní Wiktionary tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ, èyí tó pinnu láti fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ gbogbo èdè ayé. Àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó mú un yàtọ̀ sí gbogbo atúmọ̀-èdè tí mo ní nílé ni bí ó ṣe to nǹkan. Atúmọ̀-èdè lásán á mú èdè kan, á sì to ọ̀rọ̀ èdè náà láti A dé òpin. Wiktionary kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ló fi ń pín ilé fún un. Tó o bá tẹ gift, gbogbo èdè tó ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń kọ ní g-i-f-t ni yóò jáde lójú ewé kan ṣoṣo, Gẹ̀ẹ́sì níwájú, àwọn yòókù tẹ̀ lé e ní ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì. Àlejò tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ilé kan náà ni wọ́n máa sùn, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá, ì báà jẹ́ ẹni tí kò rí ara wọn rí.

Mo tẹ gift. Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀bùn, mo fò ó. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Sweden, mo sì rí i pé gift lọ́dọ̀ wọn ni ẹni tó ti ṣègbéyàwó. Mo ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí àbúrò mi pé ìgò àwọn lọ́kọláya ni, kí ó gbé e sílẹ̀. Ìlà díẹ̀ sísàlẹ̀, èdè Sweden kan náà, gift kan náà, ó ní májèlé ni. Mo tún un kà. Kì í ṣe àṣìṣe. Ní Sweden, ní Denmark, ní Norway, lẹ́tà mẹ́rin wọ̀nyí ni wọ́n fi ń pe ẹni tó ti ní ọkọ tàbí aya, òun náà ni wọ́n fi ń pe ohun tó ń pa ènìyàn. Ẹ lè fojú inú wo àwàdà tí àwọn ará ibẹ̀ ti fi èyí dá.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi ti sọ pé láti Jámánì ni ẹrù náà ti wá, májèlé àwọn ará Jámánì kò sì sí lójú ewé náà. Mo wá a sókè sódò. Ẹ̀bi mi ni, ìkánjú ni. Lókè pátápátá lójú ewé náà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ní kí á tún wo Gift, tí lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ tóbi. Ní Jámánì, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ, Wiktionary sì ka gift àti Gift sí ọ̀rọ̀ méjì, ojú ewé méjì. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ yé mi. Ẹni tó bá ń ka ìwé nínú ìtura kò ní ṣòro fún. Ẹni tó di ìgò mú ní tirẹ̀ lè máà rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, pàápàá tó bá jẹ́ pé lẹ́tà ńlá ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, tí kò sì lè mọ èyí tó yẹ kó tẹ̀. Torí náà, ohun àkọ́kọ́ tí màá sọ fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo Wiktionary nìyí: ẹ ka ìlà òkè yẹn kí ẹ tó ka ohunkóhun.

Das Gift: májèlé. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àbúrò mi pé kó fọwọ́ rẹ̀. Ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí apá tí wọ́n ti ń sọ orírun ọ̀rọ̀, oorun sì ti dá lójú mi.

Gbogbo gift wọ̀nyí, ìyá kan ló bí wọn. Ìyá náà ni *giftiz, ọ̀rọ̀ inú èdè àtijọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Sweden àti àwọn ẹbí wọn ti ya, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Proto-Germanic. Ìràwọ̀ kékeré tó wà níwájú rẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé kankan rí, ara àwọn ọmọ ni wọ́n ti wo ojú ìyá. Inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "fún" ni *giftiz ti jáde, èyí tó di give ní Gẹ̀ẹ́sì, tó di geben ní Jámánì. Àwa náà ṣe irú rẹ̀: bùn ló bí ẹ̀bùn. Ohun tí a fi fún ni, ìyẹn nìkan ni ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ohun tí ọwọ́ mú wá ni kálukú wá ń gbà ní tirẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn ará Sweden àti àwọn aládùúgbò wọn, ọmọbìnrin ni ọwọ́ mú wá. Àwa náà ní i lẹ́nu pé wọ́n fi ọmọ fọ́kọ. Fífún yẹn ni gift tiwọn, ó sì wá di pé ẹni tó bá ti ṣègbéyàwó, lọ́kùnrin lóbìnrin, gift ni. Ẹni tí kò ì tíì ṣe é, ogift ni ní Sweden, ugift ni ní Denmark àti Norway. Ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ ní Sweden ni giftermål. Ejò olóró ńkọ́? Giftorm. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ wà nínú atúmọ̀-èdè wọn, kò sì jọ pé ó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìgbéyàwó.

Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà ní tirẹ̀: ohun tí ọkọ ń san nítorí ìyàwó ni wọ́n ń pè ní gift, tó bá sì di púpọ̀, ìgbéyàwó ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í pè é bí wọ́n ṣe ń pè é lónìí. G tó wà níwájú i nígbà náà, ohùn y ló ní. Yift ni wọ́n ń pè é. Àwọn Viking ló dé láti Denmark àti Norway, tí wọ́n tẹ̀ dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, g tó le ló wà lẹ́nu tiwọn, ẹ̀bùn sì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ti àlejò borí ti onílé, yift kú, gift jókòó.

Apá tí mo fẹ́ràn jù nìyí, àtẹ ìpè tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo sì ti rí i. Àwọn ọmọ Viking tó jókòó sílé, àwọn ará Sweden àti Norway, kò fi g tó le yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe, níwájú i, òun náà rọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹ tẹ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lábẹ́ gift ti Sweden, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni yift. Ohùn tí wọ́n gbà lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n lọ fi sẹ́nu ara wọn. Mo tẹ ohùn náà tó bí ìgbà márùn-ún. Ìyàwó mi bi mí pé ta ni mò ń pè.

Májèlé wá ńkọ́? Àwọn tó ń ka Látìn ló fà á. Lédè Gíríìkì, dosis ni fífún, láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "fún" bákan náà. Àwọn oníṣègùn sọ ọ́ di ìwọ̀n oògùn tí wọ́n ń fún aláìsàn lẹ́ẹ̀kan, Látìn gbà á bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni dose Gẹ̀ẹ́sì ti wá. Àwọn ará Jámánì kò mú dosis nìkan, wọ́n tún wo inú rẹ̀, wọ́n rí "fífún", wọ́n sì gbé ẹrù náà lé Gift tiwọn lórí. Ohun tí wọ́n fún ẹnì kan mu. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rọra sọ̀rọ̀: kò ní ohun tó pa á, ó ní ohun tí wọ́n fún un. Àwa náà mọ ìrọra-sọ yìí. Tí wọ́n bá ní wọ́n "fún un ní nǹkan jẹ", kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ó dùn.

Oògùn tiwa sì ń ṣe ohun kan náà lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó kíyè sí i. Oògùn ẹ̀fọ́rí ń wo orí, oògùn eku kò wo eku. Pharmakon àwọn Gíríìkì rí bẹ́ẹ̀: oògùn ni, májèlé sì ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń fi Gift rẹ́rìn-ín àwọn ará Jámánì, kí wọ́n lọ wo poison tiwọn. Mímu lásán ni lọ́dọ̀ àwọn Látìn, potio. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé kọjá, kó tó délẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ó ti di ohun tó ń pa ni. Potion ni ìbejì rẹ̀ tí ayé ṣì ń ṣàánú.

Ní Jámánì, májèlé gba gbogbo ilé lọ́wọ́ ẹ̀bùn. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ẹ̀bùn lónìí, Geschenk tàbí Gabe ni. Igun kan ṣoṣo ló kù tí Gift àtijọ́ ṣì ń gbé: Mitgift, ìyẹn ẹrù tí àwọn òbí ìyàwó ń dì fún un lọ sílé ọkọ. Níbòmíràn, Giftpilz ni olú tó ń pa ni, Giftzwerg ni ọkùnrin kúkurú tí inú rẹ̀ kò dára sẹ́nikẹ́ni (mo mọ méjì), Giftschrank sì ni kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ti májèlé mọ́. Nílé ìkàwé Jámánì, Giftschrank náà ni ibi tí wọ́n ń ti ìwé tí wọn kò fẹ́ kí gbogbo ènìyàn kà mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí Gift lé kúrò lórí àga ńkọ́? Eitr ni àwọn Viking ń pe májèlé, eitur sì ni wọ́n ń pè é ní Iceland títí dòní. Ní Jámánì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti rẹlẹ̀ di Eiter, tí í ṣe ọyún inú egbò. Ní Denmark, ó sá pamọ́ sínú orúkọ aláǹtakùn, edderkop, olórí-májèlé. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí; ìrù rẹ̀ tó já sílẹ̀ ni cob inú cobweb. Wàyí o, aago kan òru ti lù, mo sì ti bá aláǹtakùn délé. Bí Wiktionary ṣe máa ń ṣe ẹni nìyẹn.

Mo ti sọ pé àjèjì àti ọmọ ìyá jọ ń sùn nílé kan níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ojú ewé ló ní ìyá kan bíi ti gift. Ẹ tẹ burro: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni lọ́dọ̀ àwọn ará Spain, bọ́tà ni lọ́dọ̀ àwọn ará Ítálì, wọn kò sì bá ara wọn tan. Ẹ tẹ dog: ẹ máa rí ajá Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sì máa rí ajá Mbabaram, èdè àwọn onílẹ̀ kan ní àríwá Queensland ní Australia, tí dog lẹ́nu tiwọn náà jẹ́ ajá. R. M. W. Dixon, onímọ̀ èdè kan, ló gbé e jáde. Wọn kò yá a lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì o: látinú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan, gudaga, tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ já, ni dog tiwọn ti wá. Èyí tó tiẹ̀ máa ń dun àwọn onímọ̀ ìwé jù ni haben ti Jámánì àti habere ti Látìn. Méjèèjì túmọ̀ sí "ní", wọ́n jọra bí ìbejì, wọn kì í sì í ṣe ẹbí. Habere ni àwọn onímọ̀ so mọ́ ìdílé give àti gift.

Ibi tí mo ti ń fún Wiktionary ní máàkì nìyẹn. Áàpù tó wà lọ́wọ́ àbúrò mi rí ojú, ó pe orúkọ. Wiktionary á ní dúró ná, èdè wo, ìyá wo, ìpè wo, kó tó wá dá ẹ lóhùn. Ìdáhùn rẹ̀ á pẹ́, á sì pọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni mo lè ní kó lọ lò ó. Ẹni tí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ibi tí mo sọ yìí kò ní ṣí fún un. Àmì ìpè tí wọ́n ń lò dà bí ẹsẹ̀ adìẹ nínú ẹrẹ̀ fún ẹni tí kò kọ́ ọ. Orúkọ àwọn èdè tó ti kú pọ̀ níbẹ̀ ju ti àwọn tó wà láàyè lọ nígbà mìíràn. Àti pé ẹnikẹ́ni ló lè tún ojú ewé kọ. Èyí kì í bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, torí bọ́tìnnì kan wà lókè tó ń fi gbogbo àtúnṣe hàn, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ohun tí wọ́n yọ, ojú ewé àríyànjiyàn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ sínú ìwé tí wọ́n máa tà, mi ò ní fi Wiktionary nìkan jẹ́rìí. Fún Gẹ̀ẹ́sì, mo máa ń wo ìkànnì Online Etymology Dictionary ti Douglas Harper, òun náà ọ̀fẹ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè kan ṣoṣo ló ń bójú tó. Ti Jámánì, màá lọ sínú atúmọ̀-èdè ńlá tí Jacob àti Wilhelm Grimm, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, bẹ̀rẹ̀ ní 1838, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 1961 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Jacob Grimm kú ní 1863 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí Frucht, ìyẹn èso, lẹ́tà F. Kò dé G. Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ lórí ibùsùn dé Gift kó tó di aago kan òru.

Ẹni tí kì í ní dátà nígbà gbogbo lè fi áàpù kan tó ń jẹ́ Kiwix kó odindi Wiktionary sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kí ó máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rí i pé àyè wà lórí fóònù yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́rin ààbọ̀ ni mo fún un. Ààbọ̀ tí mo yọ, nítorí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ òkè yẹn ni. Ó yẹ kó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò mi tún kàn sí mi. Àpò ńlá kan ló yà lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kọ RINDERMIST sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Rinder ni mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ mist, kùrukùru ni. Wọ́n ń di kùrukùru sínú àpò ní Jámánì?" Mo lọ tààrà sí Mist tí M rẹ̀ tóbi, mi ò tiẹ̀ ya ọ̀dọ̀ kékeré. Mo kọ̀wé sí i pé màlúù ni Rinder, kó má sì fi imú sún mọ́ àpò náà.